Táǹkì Búlúù Méjì Nínú Ọgbà Kan

Láti ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ ni Ìyálé ti máa ń wo Ìyàwó láràárọ̀. Kò ní ṣí kọ́tìnì tán. Á fi ìka ya á díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀, á sì dúró síbẹ̀ títí omi tó gbé kaná á fi hó dà sílẹ̀.

Kì í ṣe ọkọ kan náà ni wọ́n jọ fẹ́ o. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ọkọ wọn, ọmọ ìyá kan náà, inú ọgbà kan ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ Ìyálé, àbúrò ló fẹ́ Ìyàwó. Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nílé nìyẹn, òun náà ni gbogbo àdúgbò wá ń pè wọ́n.

Iṣẹ́ omi ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Oníkálùkù ní píkọ́ọ̀pù tirẹ̀, oníkálùkù ní tírélà kékeré tó ń fà lẹ́yìn, táǹkì omi ràgàjì sì wà lórí tírélà náà. Kànga ẹlẹ́rọ tó wà nínú ọgbà ni wọ́n ti ń rọ omi sínú rẹ̀. Wọ́n á wá gbé e lọ fún àwọn tí omi ẹ̀rọ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn: àwọn tó ń kọ́lé, àwọn afọṣọ, àti ilé ìgbẹ̀bí tó wà nísàlẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́.

Ohun tó máa ń bí Ìyálé nínú jù ni ohun tí Ìyàwó máa ń ṣe kó tó jáde. Bó bá ti so tírélà mọ́ ọkọ̀ tán, á rọra gbé ọkọ̀ rìn díẹ̀ nínú ọgbà. Kò ní fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì rárá. Á na ọwọ́ sábẹ́ sítíárín, á fún irin kékeré kan pọ̀ níbẹ̀, tírélà á di ilẹ̀ mú, gbogbo ọkọ̀ á sì dúró gìì. Á tún rìn. Á tún dúró. Á wá bọ́ sílẹ̀, á yí tírélà ká, á máa wò ó bí ìyá tó ń wo ẹnu ọmọ tó ń hu eyín.

Ìyálé á pòṣé lẹ́yìn kọ́tìnì. Á ní, "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ fáàrí rẹ̀. Ta ló ń wò ó?"

Òun alára kúkú ló ń wò ó.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀, tírélà tó bá gbé omi kún wúwo gan-an. Bíréèkì ọkọ̀ tó ń fà á kò lè dá òun nìkan dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí tírélà fi ní bíréèkì tirẹ̀ lára táyà tirẹ̀. Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ sítíárín, kò tóbi ju rédíò àfọwọ́gbé lọ. Ara rẹ̀ ni irin kékeré tí Ìyàwó máa ń fún pọ̀ yẹn wà, bíréèkì tírélà nìkan ni irin náà sì ń fà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, àpótí yìí á fi iná ránṣẹ́ gba inú wáyà lọ sí táyà tírélà, òòfà tó wà nínú táyà á fa bíréèkì, táyà á sì dúró. Iná wẹ́wẹ́ kan wà lójú àpótí náà. Bí iná yẹn bá tàn tí kò ṣẹ́jú, tírélà ń gbọ́ràn. Bó bá ń ṣẹ́jú, tàbí tó kú pátá, a jẹ́ pé ẹrù tó wà lẹ́yìn yín ń ṣe tinú ara rẹ̀.

Ta ló wá kọ́ Ìyàwó ní iṣẹ́ yìí? Ìyálé ni. Òun ló jókòó tì í nínú ọkọ̀ nígbà tí kò tíì mọ̀ pé bí èèyàn bá ń fi tírélà rìn sẹ́yìn, ọ̀tún ni yóò yí sítíárín sí kí tírélà tó lọ sósì. Ọjọ́ tí Ìyàwó fi ẹ̀yìn tírélà wó ògiri ilé ìwẹ̀, Ìyálé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun náà ló sì lọ bá àwọn ọkọ wọn sọ ọ́ tí ọ̀rọ̀ fi tán síbẹ̀. Nígbà yẹn, wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Ṣùgbọ́n Ìyàwó ní ẹ̀rín. Kò sí ibi tó gbé omi dé tí kò ní kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, kó béèrè ọmọ, kó béèrè ara. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá pe Ìyálé pàápàá, wọ́n á kí i tán, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé Ẹlẹ́rìn-ín ló máa gbé e wá?" Agbẹ̀bí tó jẹ́ ọ̀gá nílé ìgbẹ̀bí, tí Ìyálé ti ń gbé omi fún láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, òun náà ń pe Ìyàwó báyìí.

Ìyálé kó ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Wẹ́dà ni ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, ó ti tó.

Ìyálé ní, "Àbí omi kọ́ ni wọ́n fẹ́ rà? Ṣé eyín ni?"

Ọkọ rẹ̀ kò gbé ojú kúrò lára irin tó ń jó. Ó ní, "Ìwọ náà fi eyín díẹ̀ kún omi tìrẹ."

Ìyálé ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbà tí ọkọ Ìyàwó wá kun táǹkì àti tírélà ìyàwó rẹ̀ ní búlúù, tó ń dán gbinrin nínú oòrùn, tí ti Ìyálé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú tó ti ń dípẹtà, ọkàn Ìyálé kò lè gbà á mọ́. Gbogbo ẹni tó bá wọ ọgbà ló ń kan sáárá sí táǹkì búlúù. Wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyàwó." Wọ́n á wá yíjú sí Ìyálé, wọ́n á kàn ní, "Ẹ ǹlẹ́ mà."

Ló bá ra ọ̀dà. Búlúù náà ni, èyí tó tún jin ju ti Ìyàwó lọ. Kò pe oníṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ sókè. Ó ha ìpẹtà kúrò, ó tú iná ẹ̀yìn, ó tú gbogbo bóòtù tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Ó kun òkè, ó kun ìsàlẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tírélà ó kun abẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò láyé, ó kùn ún. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ó dá gbogbo nǹkan padà sí àyè rẹ̀, ó sì tún fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ lórí.

Ọkọ rẹ̀ dé, ó yí i ká, ó ní, "Ṣé ọkọ̀ yìí ń lọ ṣègbéyàwó ni?"

Ìyàwó yọ, ó rí i, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ìyálé mi, ó mà rẹwà o. Àwa méjèèjì ti wá di ìbejì." Tinútinú ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n etí ẹni tó ń jowú kì í gbọ́ nǹkan bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ohun tí Ìyálé gbọ́ ni pé, o ń fara wé mi.

Láti ìgbà náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Iná ojú àpótí bíréèkì Ìyálé wá ń ṣe ségesège. Bó bá wà lójú kan, á tàn. Bó bá rìn díẹ̀, á ṣẹ́jú. Bó bá gba kòtò, á kú, á tún jí. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ ilé ìgbẹ̀bí pẹ̀lú omi kún táǹkì, ó tẹ bíréèkì, ó gbọ́ tí tírélà ń tì í lẹ́yìn bí ẹni tó ń ti àlejò jáde nílé. Ó fi jíà kékeré mú ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ó ní oòrùn ló mú òun.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ fún? Rìwáyà kan ṣoṣo tó mọ iná ọkọ̀ dunjú ládùúgbò ni ó so àpótí bíréèkì mọ́ ọkọ̀ Ìyàwó, Ìyàwó sì máa ń gbé omi tútù fún un bó bá ń kọjá. Ìyálé ní òun kò ní gbé ọkọ̀ òun fún rìwáyà Ìyàwó, kó má lọ máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ fún un. Ó gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta páàtì ọkọ̀ lọ. Ẹni yẹn kò wo tírélà, kò wo wáyà kankan. Ó ní àpótí ló kú. Ìyálé ra tuntun. Iná ojú tuntun náà ń ṣẹ́jú bíi ti àtijọ́. Ọlọ́jà ní kó yí agbára rẹ̀ sókè dé òpin, ó yí i. Ìyẹn ló tún wá burú jù, nítorí nígbà tí iná bá ṣàdédé jí, táyà tírélà á há lẹ́ẹ̀kan náà, á máa han lójú títì, ọkọ̀ á sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èrò kan wá wọ Ìyálé lọ́kàn, kò sì jáde mọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí táǹkì òun náà di búlúù ni nǹkan bà jẹ́? Ta ni kò fẹ́ kí ó dán? Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé Ìyàwó ti fọwọ́ kan wáyà òun. Ọkọ rẹ̀ ní kó gbé ọkọ̀ lọ fún rìwáyà, kó yé ka ẹ̀sùn sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Ó ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí nínú ìwà rẹ̀."

Gbólóhùn yẹn tún fi iyọ̀ sí egbò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyàwó gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó gun ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó fi tírélà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà. Ìyálé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó já tírélà tirẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ rìn lọ síbi ti Ìyàwó, ó so ó mọ́ ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ki púlọ́ọ̀gì wáyà bọ inú ihò rẹ̀. Ó wo ojú àpótí. Iná tàn roro, kò ṣẹ́jú. Ó gbé ọkọ̀ rìn, ó fún irin kékeré náà pọ̀, tírélà Ìyàwó di ilẹ̀ mú gìì.

Ẹ wò ó, Ìyálé ti ṣe ohun tó tọ́ láìmọ̀. Bí àpótí rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú tírélà ẹlòmíràn, a jẹ́ pé àpótí rẹ̀ kò ní àrùn, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní àrùn, inú tírélà tirẹ̀ ni àrùn wà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dákẹ́ á rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ìyálé rí ni pé tírélà Ìyàwó dára, ti òun bà jẹ́, nítorí náà Ìyàwó ló bà á jẹ́.

Àwọn kọ́lékọ́lé tó wà lókè pè é pé àwọn fẹ́ omi kíákíá. Ó yẹ kó tú tírélà onítírélà sílẹ̀. Kò tú u. Ó ní òun á ti dé kí Ìyàwó tó dé. Ó rọ omi sí i, ó sì lọ. Nínú ọkàn rẹ̀, ohùn kan ń sọ pé bí kò bá tilẹ̀ tètè dé, kí Ìyàwó náà lo ti òun lónìí, kó rí bó ṣe ń dunni.

Ibi tó ti ń tú omi fún àwọn kọ́lékọ́lé ni agbẹ̀bí ti pè é. Ohùn agbẹ̀bí le. Ó ní omi àwọn ti tán pátápátá, obìnrin méjì sì ń rọbí lọ́wọ́. Ó ní Ẹlẹ́rìn-ín ti sọ pé òun ń bọ̀, ó ní Ìyálé òun ló ń lo táǹkì òun, nítorí náà ti Ìyálé lòun ń gbé bọ̀, nǹkan kan náà ni. "Ẹ kàn bá wa sọ fún un kó yára, mà."

Ìyálé ní òun ti gbọ́. Ó di fóònù mú, kò tíì gbé e kúrò létí.

Ó mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìdáná. Bí èèyàn bá ti kọjá ilé ìkówèésí, ilẹ̀ á tẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn aboyún máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ibẹ̀, nítorí inú ilé máa ń gbóná. Táǹkì òun ló kún yẹn. Bíréèkì òun ló ń kú tó ń jí yẹn. Àpótí Ìyàwó kò sì ní lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ohùn inú rẹ̀ ní, jẹ́ kó lọ. Ṣé òun náà kò gbọ́n ni? Jẹ́ kó rí i.

Ìyálé rí ọwọ́ Ìyàwó lójú ọkàn rẹ̀. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sítíárín mú, ó rí i lábẹ́ sítíárín, tó ń fún irin pọ̀, tí nǹkan kan kò dáhùn.

Ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń pè wà lórí ìpè mìíràn. Ó tún un tẹ̀. Bákan náà. Ó ti ń sáré já okùn omi, ó ti ń pariwo mọ́ àwọn kọ́lékọ́lé pé kí wọ́n kúrò lọ́nà, síbẹ̀ owú kò kúrò lára rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé oníbàárà ni obìnrin yẹn ń bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù nígbà tí ikú ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ó sá eré tí kò sá rí láti ìgbà tó ti ń wakọ̀. Nígbà tó já sí ilẹ̀ títẹ́jú yẹn, ó rí ọkọ̀ Ìyàwó lójú kan ní ẹ̀gbẹ́ títì. Táǹkì búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti fi òkúta di táyà níwájú. Ìyàwó dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú fóònù létí.

Fóònù Ìyálé bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí ìjókòó. Ìyàwó ló ń pè é.

Ó bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó sáré wá bá a, kò tilẹ̀ rántí kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyálé mi, mo ti ń pè yín, ẹ wà lórí ìpè. Ẹ dákun, ẹ má fa tírélà yín yìí mọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ọgbà, ó dá mi lóhùn. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò níbí kí n tó sọ̀ kalẹ̀, kò dáhùn rárá. Ṣé bí ẹ ṣe ń fà á kiri nìyí? Bó bá pa yín ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì ló ń pe ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ìpè ẹnikẹ́ni kò fi wọlé.

Ìyàwó ti ránṣẹ́ sí rìwáyà. Ó gun ọ̀kadà dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká. Ó kí wọn, ó wo Ìyálé láti òkè délẹ̀.

"Ìyálé, ẹ ti ń sá fún mi tipẹ́. Mo ti rò pé ẹnu mi ló ń rùn."

Ìyálé kò rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ti mú un, owú sì máa ń le sí i bí ìtìjú bá kàn án. Rìwáyà béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan wáyà tírélà yìí, Ìyálé sì nawọ́ sí Ìyàwó.

"Ẹ bi í. Òun ló mọ ohun tó ṣe sí i."

Ìyàwó wò ó. Ẹ̀rín tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn kúrò lójú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn pa fìtílà. Ó kàn padà sẹ́yìn lọ dúró níbi òkúta tó fi di táyà.

Rìwáyà kò dá sí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bi iná fúnra rẹ̀. Òun kì í ṣe ojúsàájú."

Ó yọ púlọ́ọ̀gì tírélà, ó ní kí Ìyálé fún irin àpótí pọ̀ nínú ọkọ̀ Ìyàwó, òun sì fi tẹ́sítà rẹ̀ kan ihò ibi tí iná bíréèkì ti ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Tẹ́sítà tàn yòò. Ó ní iná ń jáde nínú ọkọ̀ dáadáa, kò sóhun tó ṣe àpótí. Ó ki púlọ́ọ̀gì padà, ó dúró síbi tí ẹnu tírélà ti gun orí irin róbótó tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì fi gbogbo ara mi ẹnu tírélà náà. Ó ní kí wọ́n máa wo ojú àpótí. Iná tàn, ó kú, ó tàn, ó tún kú.

"Ẹ rí i bó ti ń ṣe? Iná dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́. Ó ní ọ̀nà àlọ, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbọ̀. Bí kò bá rí ọ̀nà àbọ̀, kò ní lọ rárá. Ọ̀nà àbọ̀ yẹn là ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Wáyà funfun kan ló yẹ kó gbé e padà sínú ọkọ̀. Ti yín yìí kò rí ibẹ̀ gbà mọ́, ló bá ń jí ọ̀nà gbà lára irin róbótó yìí. Bí irin bá kan irin, ó rìn. Bí ọkọ̀ bá mì, ó já."

Ó fa wáyà gígùn kan láti ẹnu bátìrì ọkọ̀, ẹnu tó ní àmì àyọkúrò, ó ha ọ̀dà díẹ̀ kúrò lára irin tírélà, ó sì fi ẹnu wáyà kejì kàn án. Iná ojú àpótí tàn, kò ṣẹ́jú mọ́. Ìyàwó gbé ọkọ̀ rìn díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó fún irin pọ̀, tírélà dúró. Rìwáyà yọ wáyà rẹ̀ kúrò, iná kú.

Ló bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹnu tírélà. Ó tọ wáyà funfun náà lọ títí dé ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ irin. Ó tú bóòtù. Wọ́n gbọ́ tó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀.

"Ta ló kun ibí yìí?"

Ó jáde síta, ó fi orí wáyà náà hàn wọ́n. Ọ̀dà búlúù wà lára orí wáyà, ọ̀dà búlúù wà lára bóòtù, ọ̀dà búlúù tó nípọn sì wà lójú irin tó yẹ kí wáyà fara kan. Ó ní ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ó ní ẹni tó kùn ún ṣiṣẹ́ gan-an, kò fi ibì kankan sílẹ̀.

Ìyálé wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Èmi ni. Èmi ni mo kùn ún."

Rìwáyà mú sáńpépà, ó ha ojú irin náà títí tó fi funfun, ó ha orí wáyà, ó fi bóòtù tuntun dè é pinpin. Ìgbà tó dè é tán ló tó fi gíríìsì bo orí rẹ̀, kí omi má bàa mú un dípẹtà. Ó lọ sínú ọkọ̀ Ìyálé, ó dá agbára àpótí tí Ìyálé yí dé òpin padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní kí Ìyálé wá gbé ọkọ̀ Ìyàwó rìn fúnra rẹ̀, kó fún irin pọ̀. Tírélà dúró gìì.

Agbẹ̀bí tún pè, ó ní omi dà. Ìyálé mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó ń fa omi náà, ó nà á sí Ìyàwó.

"Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Mo ti bà ẹ́ lórúkọ jẹ́ lójú ọkọ mi, màá lọ tún un sọ. Má bínú."

Ìyàwó gba kọ́kọ́rọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti gbọ́ mà." Ó yẹ bíréèkì wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyálé dúró lókè, ó ń wò ó títí ọkọ̀ fi dúró níwájú ilé ìgbẹ̀bí, tí àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì sì dìde fún un. Inú rẹ̀ ta á díẹ̀ nígbà tí wọ́n dìde. Ṣùgbọ́n wọ́n dìde ṣá, gbogbo wọn, lórí ẹsẹ̀ ara wọn.

Ọkọ rẹ̀ bi í lálẹ́ pé ṣé wọ́n ti rí ẹni tó ba tírélà jẹ́. Ó ní àwọn ti rí i, òun ni, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Wẹ́dà kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín Ìyàwó pẹ́ kó tó padà sí ọ̀dọ̀ Ìyálé. Àwọn oníbàárà ló kọ́kọ́ rí i gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ fa ẹrù, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe ẹran ọ̀sìn, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ má gbé tírélà jáde láìjẹ́ pé ẹ ti rọra rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ fi ọwọ́ fún irin àpótí bíréèkì pọ̀, kí ẹ sì rí i pé tírélà fúnra rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró. Bí ìdagẹ̀rẹ́ bá wà níwájú, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì tó ń kú tó ń jí léwu ju èyí tó kú pátá, nítorí ó máa ń tan èèyàn. Bí iná àpótí bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró, ẹ fi òkúta di táyà, ẹ má ní ẹ fẹ́ rọ́jú débẹ̀.

Ẹ má sáré ra àpótí tuntun. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ wò bóyá iná ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀; bó bá ń jáde, inú tírélà ni kó wá àrùn lọ, láti púlọ́ọ̀gì tó dípẹtà dé wáyà tó bó, dé ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ti fara kan irin. Ẹ má ṣe yí agbára àpótí sókè láti fi tọ́jú àrùn tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá sì kun tírélà, kí ojú irin tí wáyà yẹn jókòó lé wà láìní ọ̀dà, kó mọ́, kó funfun. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán ni kí ẹ tó fi gíríìsì bò ó.

Ní ti owú, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má jowú. Ẹlẹ́ran ara ni yín, ẹ kì í ṣe igi. Ẹ jowú ẹ̀rín ọmọnìkejì yín, ẹ jowú oníbàárà rẹ̀, ẹ jowú ọ̀dà ara ọkọ̀ rẹ̀ bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ pé ọkọ̀ kan kò ní bíréèkì, tí ẹ sì rí i pé ọmọnìkejì yín fẹ́ wà á, ẹ kọ́kọ́ pè é. Bí ìpè kò bá wọlé, ẹ sáré.